ÒDÒDÓ FÚN ÒKÚ, EBI FÚN OPÓ: TA LÓ NÁ OWÓ PÁRÉÈDÌ?

Ọ̀rọ̀ tí olùṣètò ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará ìlú sọ níbi ìpàdé wọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́yìn ògiri lọ́hùn-ún bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, mo rí yín. Ẹ súnmọ́ wa, a kì í jẹ èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà kàn ẹ̀yin náà.

N kò wá sọ̀rọ̀ títì lónìí. Ọ̀rọ̀ títì ti sú yín, ó ti sú èmi náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fẹnu kàn ni mo gbé wá, nítorí pé òkú wà nínú rẹ̀. Owó tí káńsù ń ná ní ọjọ́ 15 oṣù January lọ́dọọdún ni mo fẹ́ bá yín sọ, ọjọ́ tí a ń ṣe ìrántí àwọn sójà tó kú sójú ogun.

Mo mọ ohun tí wọn yóò máa sọ kiri. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga yìí, ẹnì kan á ti sáré lọ sílé alága: "Ẹ ò gbọ́? Àwọn alátakò ní kí á má ṣe ìrántí sójà mọ́! Wọn ò bọ̀wọ̀ fún òkú!" Ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ni. Ẹni tó bá kú nítorí ìlú, ìlú ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Gbèsè yẹn gan-an ni mo wá bèèrè. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òkú la ń san án fún, tàbí alákánópì.

Ẹ̀yin ọmọdé inú yín lè má mọ ibi tí ọjọ́ náà ti wá. Láyé òyìnbó, ọjọ́ 11 oṣù November ni wọ́n ń ṣe é, torí pé ọjọ́ náà ní ọdún 1918 ni ìbọn dákẹ́ nínú ogun àgbáyé kìn-ín-ní. Àwọn ọmọ wa ti bá òyìnbó ja ogun yẹn ní Kamẹrúùnù àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ni ogun Hitler dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tiwa, ogun abẹ́lé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní July 1967 tó sì gba ọgbọ̀n oṣù gbáko. Ní ọjọ́ 15 oṣù January 1970, Philip Effiong àti àwọn tó kù nínú aṣáájú Biafra wá sí Dodan Barracks l'Ékòó, wọ́n túúbá fún Ọ̀gágun Gowon. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi gbé ọjọ́ ìrántí kúrò ní November wá sí January. (Àwọn àgbà tó ń mi orí yẹn, mo mọ ohun tí ẹ ń rántí. Ọjọ́ náà kan náà ní 1966 ni wọ́n pa Olóyè S. L. Akíntọ́lá n'Ìbàdàn. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.)

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò lówó nínú gbèsè yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú wa, ẹ ó rí agbolé kan tí wọ́n á ní "ilé Bàbá Bọ́mà nìyẹn." Bàbá náà ti kú, orúkọ ṣì wà lára ilé. Ẹ wo Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà ní 1942. Wọ́n kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Íńdíà, ó di Bọ́mà. Kì í tiẹ̀ ṣe ìbọn ni wọ́n ní kó máa yìn, ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù March 1944 àwọn sójà Japan ká wọn mọ́ létí odò. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ó bà á níkùn. Òun àti ọmọ Sàró kan ló ṣẹ́kù sínú igbó. Ìdílé ará abúlé kan níbẹ̀ ló fi wọ́n pamọ́ tó sì ń bọ́ wọn fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn sójà tiwọn fi dé ní December. Ó padà sílé, ó ń tiro títí ó fi kú ní 2012.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bẹ́ẹ̀ ló wà nínú dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ni wọ́n wà níbi tí wọ́n ti gba ìlú Myohaung ní January 1945, ìlú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ bárékè ní Yábàá l'Ékòó. Owó oṣù wọn kò tó ti òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ẹrẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó lọ sí Biafra, àwọn tó lọ sí Liberia ní 1990 àti Sàró lẹ́yìn rẹ̀. Láti 2009 títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ wa ń kú lọ́wọ́ Boko Haram ní Borno. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́. Opó tuntun wà láàárín wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ síbi páréèdì.

Ẹ̀yin náà ti dé ibẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n á ti kó àwọn ọmọ iléèwé jáde kúrò ní kíláàsì láti kọ́ máàṣì. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì: ọyẹ́ lórí, eruku nímú, ètè á bẹ́, olùkọ́ á ní "Lẹ́fùúti, ráìtì." Tó bá di ọjọ́ náà gan-an, wọ́n á ti ta kánópì yí pápá ká. Àga onítìmùtìmù wà fún àwọn ńláńlá. Ìwé ètò tó ń dán gbinrin wà, fọ́tò alága ló kún ojú ewé kìn-ín-ní, fọ́tò ìyàwó rẹ̀ wà ní ojú ewé kejì. Mo wo ìwé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo wá orúkọ sójà kan ṣoṣo tó kú láti ìjọba ìbílẹ̀ wa. N ò rí i. Orúkọ àwọn káńsẹ́lọ̀ wà níbẹ̀ pé pérépéré, gbogbo wọn sì wà láàyè.

Wọ́n á fọn fèrè. A ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Alága á gbé òdòdó sílẹ̀, olórí ọlọ́pàá á gbé tiẹ̀, ọba á gbé tiẹ̀. Wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹlé náà kò fò lọ síbì kankan, orí kánópì àwọn ńláńlá ló bà lé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹyẹ náà mọ ibi tí ìrẹsì wà.

Àwọn àgbà sójà wá ńkọ́, àwọn ọlọ́jọ́? Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n tò wọ́n sí nínú oòrùn, pẹ̀lú kóòtù tó ti gbó àti mẹ́dà láyà, bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún lórí ìdúró. Nígbà tí ayẹyẹ parí, ọkọ̀ ńláńlá gbé àwọn ńlá lọ síbi àpèjẹ. Àwọn bàbá náà gun ọ̀kadà lọ sílé, wọ́n sì fi owó ara wọn san án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Fèrè kò bí mi nínú. Òdòdó kò bí mi nínú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan dára lójú mi gidigidi, òun ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ètò yẹn, kò sì sí fáúṣà fún un. Àwọn nǹkan tí òkú lè gbà lọ́wọ́ wa, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń náni lówó ni ti alààyè: kánópì, àga, asẹ́-oúnjẹ, aṣọ kan náà fún àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ káńsù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, owó epo, "owó ìgbàlejò." Àwọn àgbà wa ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ nípa báàjì. Kí ọjọ́ náà tó dé, wọ́n á ṣe ìfilọ́lẹ̀ báàjì ìrántí, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ran àwọn sójà-fẹ̀yìntì àti opó lọ́wọ́. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ sí bí alága ṣe ń dá owó: "Èmi, lórúkọ ara mi àti ìdílé mi, mo fi mílíọ̀nù báyìí ṣe ìfilọ́lẹ̀!" Àtẹ́wọ́ á sọ. Owó ta ni? Owó káńsù ni o! Owó yín ni ó fi ra orúkọ fún ara rẹ̀. Iye tí wọ́n sì kó jọ lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, ta ló gbọ́ iye tó dé ọwọ́ opó? Bí ẹnikẹ́ni bá wà níbí tó gbọ́ ọ, kó nàwọ́ sókè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀ lórí ìka. N kò sọ pé iye tí wọ́n ná nìyí o, wọn kò jẹ́ ká rí ìwé. Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ fi ṣe. Ká ní káńsù kan ná ₦2,000,000 péré lórí páréèdì. Bí a bá pín in fún opó 40, ₦50,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Káńsù 774 ló wà ní Nàìjíríà. Bí gbogbo wọn bá ná iye kan náà, ₦1,548,000,000 ni, bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ó lé, láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. A kò tíì mẹ́nu kan ti ìpínlẹ̀ 36 tí àwọn náà ní páréèdì tiwọn, a kò sì kan ti Àbújá.

Wọ́n á ní ọrọ̀ ajé ni, pé alákánópì ń jẹun níbẹ̀, pé olóúnjẹ ń jẹun níbẹ̀. Ó dára. Ẹ lọ wo orúkọ tó wà lára kánópì, kí ẹ wá sọ fún mi ìbátan ta ni. Àwọn ìyá olóúnjẹ tó wà níhìn-ín yìí, èwo nínú yín ni wọ́n pè kó wá se ìrẹsì náà? Láti ìlú ńlá ni wọ́n ti gbé e wá nínú kúlà.

Kí ni òfin ní kí káńsù máa ṣe? Ẹ wo àfikún kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999. Ó ní kí káńsù máa tọ́jú ọjà àti ibùdókọ̀, kó máa kó pàǹtírí, kó máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ nínú ìwé, kó máa bá ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Ó tún sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa: kó máa tọ́jú itẹ́ òkú, kó sì kọ́ ilé fún àwọn aláìní àti àwọn aláìlera. Itẹ́ òkú àti ilé aláìlera! Ọ̀rọ̀ òkú ogun àti ti opó rẹ̀ wà nínú òfin tẹ́lẹ̀. Mo ka àfikún náà tán, n kò rí kánópì níbẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé owó kò sí, pé gómìnà ló di owó káńsù mú. Lọ́jọ́ 11 oṣù July 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ yìí dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí aráàlú dìbò yàn. Bí gómìnà bá ṣì ń jókòó lé e lórí, kí alága dìde kó sọ ọ́ ní gbangba kí a lè bá a jà. Kó má ṣe fi gómìnà bojú nígbà tí a bá ń bèèrè oògùn, kí owó wá yọ nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ páréèdì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa, opó sójà ni. Ọkọ rẹ̀ wọṣẹ́ ní 1968, ó jagun, ó fẹ̀yìntì, ó kú. Ìyá ń wá ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀. Èmi ni mo bá a to ìwé. Nígbà tí a gbé e dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní orúkọ kò bára mu. Akọ̀wé sójà tó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1968 kì í ṣe Yorùbá, ó fi lẹ́tà kan sílẹ̀. Nítorí lẹ́tà kan, wọ́n ní kó lọ búra ní kóòtù, kó sì gba ìwé lọ́wọ́ káńsù rẹ̀ pé ọkùnrin kan náà ni. A padà sílé. A lọ sí káńsù. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n bi ìyá náà? Wọ́n bi í bóyá ó ti san owó fọ́ọ̀mù, owó ìbuwọ́lù, owó "fáìlì." Ìyá ta ewúrẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ìrántí. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, alága fúnra rẹ̀ ló fi báàjì sí i láyà, wọ́n ya fọ́tò. Fọ́tò náà wà lára ògiri káńsù dòní. Káńsù tó gba owó ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni.

Kò sì ṣe òun nìkan. Láàárín ọdún 2022 sí 2025, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwọn àgbà sójà lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìṣúná ní Àbújá nítorí owó tí ìjọba jẹ wọ́n. Wọ́n ti fi ìgbà èwe wọn jagun, wọ́n wá ń fi ìgbà ogbó wọn tẹ́ ẹní síwájú géètì. Ìwé òfin, abala 173, sọ pé kí wọ́n máa yẹ owó ìfẹ̀yìntì wò lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún, tàbí ìgbàkígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ bá lọ sókè. Ó yẹ kó jẹ́ pé ẹni tí òfin bá dáàbò bò kì í sùn sójú títì.

Báyìí, n kò ní parọ́ fún yín nítorí ìbò. Owó ìfẹ̀yìntì sójà kò sí lọ́wọ́ káńsù, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa bá sọ fún yín pé alága wa yóò máa san pẹ́ńṣàn sójà, ẹ má gbà á gbọ́, tàn ló ń tàn yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́wọ́ káńsù kò kéré, ohun tí a ó sì ṣe nìyí bí ẹ bá fi ìbò yín gbé wa wọlé.

A ó ṣe ọjọ́ ìrántí. A ó fọn fèrè, a ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, a ó gbé òdòdó sílẹ̀. Lábẹ́ igi ni a ó ti ṣe é bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà sójà ni yóò jókòó, alága ni yóò dúró. Àwọn ọmọ iléèwé kò ní pàdánù ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Kí àwọn Boys' Brigade àti àwọn tó ti mọ máàṣì tẹ́lẹ̀ ṣe é. Kò ní sí ìwé aláwòrán alága, kò ní sí àpèjẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ayẹyẹ, a ó lẹ iye tí a ná mọ́ ara ògiri káńsù àti ti ọjà, ní èdè Yorùbá, kọ́bọ̀ kọ́bọ̀.

Owó tó bá ṣẹ́kù, iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan yóò jókòó sí káńsù tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa bá sójà-fẹ̀yìntì àti opó to ìwé, láìgba kọ́bọ̀. Ìwé ìdánimọ̀, ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé tó ń jẹ́rìí sí orúkọ, ọ̀fẹ́ ni fún wọn. Nígbà tí àyẹ̀wò bá dé, káńsù yóò fún wọn lọ́kọ̀. Dìsípẹ́ńsárì yóò máa fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láìgbowó. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí pé ṣé owó kánópì lè tó gbogbo èyí. Ó lè má tó. Àmọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì sàn ju kí ó parí sínú ìkòkò ìrẹsì.

Kí ìbò tó dé, ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ ní ti yín. Òfin kan wà láti 2011 tó fún aráàlú láṣẹ láti bèèrè ìwé ìnáwó lọ́wọ́ ìjọba. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Àwọn kan ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òfin náà kò dé ìpínlẹ̀ àti káńsù. Ní April 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó dé ibi gbogbo. Ẹ kò nílò lọ́yà, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń bèèrè. Akọ̀wé wọ́ọ̀dù wa ti kọ lẹ́tà náà sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń bèèrè: iye tí káńsù ná lórí ọjọ́ ìrántí tó kọjá, orúkọ àwọn tó gba iṣẹ́ níbẹ̀, iye owó báàjì tó dé ọwọ́ opó. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé, ìka rẹ̀ tó. A ó gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé, mo sì fẹ́ kí á pọ̀ tí a ó bá a lọ.

Ohun kan ló kù. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyálọ́jà yẹn, funfun ni inú rẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ wa tó kú sójú ogun la fẹ́ kọ sínú rẹ̀, agbolé sí agbolé, torí pé kò sí i ní káńsù. Kí ẹ tó lọ sílé lálẹ́ yìí, ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, agbolé rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ọdún, ẹ sọ ogun tó jẹ́: Bọ́mà, Biafra, Liberia, Borno. Bí ó bá jẹ́ oríkì rẹ̀ nìkan lẹ mọ̀, a ó kọ oríkì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá àgbà kọ́kọ́ kọjá, ẹ fún wọn láyè.